Báàgì ẹ̀yìn àti ohun ìsùn fún ìrìn ọ̀nà jíjìn: èwo ni kí ẹ rà, èwo ni kí ẹ fi sílẹ̀?

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láti Iléṣà lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kí n sì gun ìpele méjèèje omi Olúmirìn, mo gbé báàgì mi sórí òṣùwọ̀n ẹni tó ń ra kòkó ládùúgbò wa. Kíló 14. Bàbá náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o ń kó kúrò nílùú ni?”

Báàgì ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Oríṣi méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn àti bẹ́líìtì ìbàdí tó nípọn. Èyí tó fúyẹ́ nínú wọn máa ń tó kíló kan sí kíló kan àbọ̀. Èkejì kò ní irin rárá, kì í sábà tó kíló kan. Irin yẹn ló ń gbé ẹrù kúrò ní èjìká lọ sí ìbàdí. Bí ẹrù yín lápapọ̀, omi àti oúnjẹ pẹ̀lú, kò bá ju kíló 9 lọ, ẹ ra aláìnírin. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, èjìká yín á sọ fún yín kí ẹ tó jáde ní Iléṣà. Lítà 40 sí 50 tó. Àyè tó bá ṣẹ́ kù, ẹ ó wá nǹkan kó sí i ni.

Bó bá jẹ́ bọ̀síkọ́nà lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ yí inú rẹ̀ síta. Ẹ fi èékánná ha aṣọ náà: bó bá ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà, ohun tí kì í jẹ́ kómi wọlé ti tán lára rẹ̀. Ẹ fa okùn èjìká níbi tí wọ́n ti rán an mọ́ báàgì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín abẹ́rẹ́, ẹ dá a padà. Òjò tiwa kò sì gba ìbòrí báàgì gbọ́, ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé. Ọ̀rá dúdú tó nípọn, nínú báàgì, sàn jù ú lọ.

Ní ti àpò ìsùn, ìhùùhù pẹ́pẹ́yẹ fúyẹ́ jù, ó sì ń ká sí kékeré. Ṣùgbọ́n bó bá rin, adìyẹ tí òjò pa ni: kò móoru mọ́, kì í sì í tètè gbẹ. Òwú oníke tóbi, ó wúwo, owó rẹ̀ kéré, ó sì ń móoru díẹ̀ bó tilẹ̀ rin. Èmi ò gbé ìkankan. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìró kan tó, àfi nígbà ọyẹ́ tí mo ń fi súwẹ́tà kún un. Ẹni tó ń lọ gun òkè Kilimanjaro ní Tanzania, mítà 5,895, kó ra ìhùùhù. Kó sì mọ̀ pé nọ́ńbà òtútù tí wọ́n kọ gàdàgbà sára àpò lè jẹ́ ibi tí ara ti lè fara dà á, kì í ṣe ibi tí oorun ti dùn.

Ẹní tí à ń fẹ́ atẹ́gùn sí rọ ẹ̀yìn lọ́rùn gan-an. Tèmi pàdé ẹ̀gún kan lóru kejì, orí àpáta ni mo sì sùn mọ́jú. Fóòmù tó ń ká, bíi gíráàmù 400, kò mọ ẹ̀gún; ẹ lè gé e kúrú dé ìbàdí, ẹ sì lè jókòó lé e nígbà ìsinmi.

Àgọ́ tàbí ibùsùn tí à ń so sáàárín igi méjì? Àgọ́ ń móoru. Igi pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìjàlọ náà pọ̀ nílẹ̀, torí náà èyí tí à ń so ni mo mú, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́ fóòmù yẹn sínú rẹ̀, nítorí ẹ̀fọn máa ń gba abẹ́ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gún ènìyàn ní ẹ̀yìn.

Nígbà kejì, òṣùwọ̀n kòkó sọ pé kíló 8. Bàbá ní, “Oúnjẹ ńkọ́?” Mo ní ó wà nínú rẹ̀.