Lésà fún oríkèé ajá: ẹ béèrè iye jùúlù kí ẹ tó sanwó

Ajá àgbà tí làkúrègbé ti mú ní ìbàdí, tí dídìde láàárọ̀ ti di iṣẹ́ fún: irú ẹ̀ gan-an ni lésà ilé ìwòsàn ẹranko, ìmọ́lẹ̀ alágbára tí wọ́n ń tàn sí ara láti dín ìrora kù, dára fún. A fọwọ́ sí i, pẹ̀lú oògùn ìrora tí dókítà kọ, kì í ṣe dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan náà lè ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, kó má ṣe nǹkan kan lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ìṣirò ló fà á. Ẹ fi iye ìṣẹ́jú àáyá sọ wọ́ọ̀tì ẹ̀rọ di púpọ̀, jùúlù nìyẹn, ìyẹn àpapọ̀ agbára ìmọ́lẹ̀ tó tú jáde. Lésà onípele kẹrin ni èyí tí agbára rẹ̀ ju ìdajì wọ́ọ̀tì lọ. Tí wọ́n bá gbé e sí wọ́ọ̀tì 10 fún ìṣẹ́jú 5, jùúlù 3,000 ló tú jáde. Tí ìbàdí ajá ńlá bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 300, jùúlù 10 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oríkèé tó jìn ń fẹ́ 8 sí 10. Egbò ojú awọ kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Kálàmù lésà oní-mílíwọ́ọ̀tì 5 ńkọ́? Kó tó tú jùúlù 3,000 jáde, yóò tàn fún nǹkan bí ọjọ́ 7 láìsinmi. Ẹ má rà á.

Irun ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀ sára kó tó dé awọ, pàápàá irun dúdú. Níbi tó bá ti ki, kí wọ́n fá a, tàbí kí wọ́n lo orí ẹ̀rọ oníbọ́ọ̀lù tó ń la irun, tí wọ́n á tẹ̀ mọ́ ara. Ajá dúdú tètè gbóná: kí wọ́n dín wọ́ọ̀tì kù, kí wọ́n fi kún àkókò, kí iye jùúlù má bàa yẹ̀. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ dúró lójú kan. Kó máa rìn ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 7 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kó sì yí oríkèé náà ká. Tí ajá bá ṣíjú wẹ̀yìn tàbí tí awọ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ti ń ta á nìyẹn. Kí wọ́n nu ìpara àti àyọ́dìn kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ojú kì í rí ìmọ́lẹ̀ tí ìgùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 810 tàbí 980 nanomita, irú èyí tí àwọn lésà yìí ń lò, nítorí náà kò ní ṣẹ́jú kí ó tó jóná. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá, àti ajá fúnra rẹ̀, gbọ́dọ̀ wọ awò tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ẹ̀rọ mu. Ilé ìwòsàn tí kò bá fún yín ní awò, ẹ gbé ajá yín kúrò níbẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ tàn án sórí jẹjẹrẹ, kókó tí a kò tíì yẹ̀ wò, ikùn abo tó lóyún, tàbí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń dà.

Ní ti ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ̀rí kò fẹnu kò. Ìwádìí kan ní 2012 rí i pé àwọn ajá tí wọ́n tan lésà sí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tètè rìn. Òmíràn ní 2017 kò rí ìyàtọ̀. Ajá tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ rọ lójijì, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ni kó kọ́kọ́ lọ, lọ́jọ́ náà gan-an.

Fún oríkèé, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kẹta. Mẹ́fà yẹn ti tó láti fi mọ̀, ẹ má san ti méjìlá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ya fídíò ajá náà bó ṣe ń dìde láàárọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún ya á lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹfà. Tí ìyàtọ̀ bá hàn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ló kù. Tí kò bá hàn, ẹ béèrè iye jùúlù tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé lésà kò ṣiṣẹ́.