Ilé ẹmu àtijọ́ kan ní Ìtokò: ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wá Abẹ́òkúta gun Olúmọ, tẹ́ ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ ẹ ẹ́ ya fọ́tò, ẹ ẹ́ ra àdìrẹ n'Ítòkú, ó tán, mọ́tò Èkó ló kàn. Ẹ̀ ń fi nǹkan sílẹ̀ o! Ilé ẹmu kan wà ní Ìtokò, ilé alámọ̀ tí wọ́n rẹ́ sìmẹ́ǹtì sí lára, páànù ẹ̀ ti dípẹtà, kò ní sáínbọ́ọ̀dù kankan, ẹ sáà ní kí ọlọ́kadà gbé yín lọ ilé ẹmu. Ìyá tó ń tà níbẹ̀ ní ìyá ọkọ òun ló dá a sílẹ̀, òun alára dẹ̀ ti darúgbó báyìí, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Ẹmu ọ̀pẹ ni wọ́n ń tà, kì í ṣe ògùrọ̀. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ṣì dùn, ó ń hó, ẹ sì lè bá oyin tó kú sínú ẹ̀, ẹ yọ ọ́ sọnù kẹ́ ẹ máa mu lọ jàre. Àmọ́ láti ìgbà tó ti ń kán sínú kèrègbè lórí ọ̀pẹ ni ṣúgà inú ẹ̀ ti ń di ọtí, torí náà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ó ti kan, ó ti le, bẹ́ẹ̀ làwọn bàbá ibẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ, èmi ò lè mu ju igbá kan lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi igbá bu ún fún yín o, tẹ́ ò bá sọ̀rọ̀ kọ́ọ̀bù rọ́bà ni wọ́n máa gbé wá. Bíà náà wà, ó ń tutù tí NEPA bá fẹ́. Ọ̀yà wọn ta sánsán, owó ẹ̀ náà dẹ̀ ta.

Ṣùgbọ́n ẹmu kọ́ ló ń mú mi padà lọ, ẹnu àwọn àgbà yẹn ni. Wọ́n á máa ta ayò, wọ́n á máa jiyàn. Gbogbo wa la kà á nílé ìwé pé Ṣódẹkẹ́ kó Ẹ̀gbá wá síbí ní 1830, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó, wọ́n á ní àgbẹ̀ Ìtokò ló ti ń dáko lábẹ́ Olúmọ kó tó dé, àlejò ni gbogbo yín! Àpàlà Àyìnlá Ọmọwúrà ni rédíò ń kọ látàárọ̀ dalẹ́, ọmọ àdúgbò wọn ṣá ni. Ìjà ilé ọtí ló pa á ní May 6, 1980, bàbá kọ̀ọ̀kan ló dẹ̀ ní bó ṣe gbọ́ ọ sí. (Ọlọ́kadà tó gbé mi ní ilé ẹmu yìí gan-an ló ti ṣẹlẹ̀. Irọ́ ni, Àgó-Ìka ni.)

Ilé ìtọ̀ wọn ò dáa rárá, ẹ tọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Wọn kì í ní ṣéńjì, bẹ́ǹṣì wọn le, àwọn kan dẹ̀ máa ń fín sìgá sójú èèyàn.

Lọ́jọ́ Sunday, wọn kì í tètè ṣí, ìyá ń lọ St. Peter's l'Áké, ìsìn ibẹ̀ dẹ̀ máa ń gùn.