Ọtomátíìkì àbí Mánúà: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ọkọ̀ Eré Fóò-Wíìlì Tí Wọ́n Ti Fi Kún Agbára Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ eré fóò-wíìlì, ìyẹn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀, tí a ń rí ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, tòkunbọ̀ ni. Ẹni tó kọ́kọ́ ni wọ́n lókè òkun sì ti máa ń fọwọ́ kàn wọ́n kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa: ó ti pààrọ̀ sàlẹ́ńsà, ó ti fi kún atẹ́gùn tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, ó ti tún bíréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, kọ. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wá jẹ́ ọtomátíìkì, ọkàn ẹni tó fẹ́ rà á máa ń dá méjì, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé ọkọ̀ eré tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì kò sàn ju Camry tí a kùn ní búlúù lọ. Mo ti wa oríṣiríṣi irú ọkọ̀ wọ̀nyí láti Ṣágámù dé Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì ti fi owó ara mi ra ọ̀kan. Ohun tí mo rí ni pé oríṣi mẹ́rin ló ń jẹ́ ọtomátíìkì nínú wọn, àti pé bí ọ̀kan ṣe lè dùn ún wà ju mánúà lọ, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi agbára kankan kún.

Mánúà, tí a ó fi wọn àwọn yòókù

Adùn mánúà kò ṣeé jiyàn lé. Awakọ̀ ló ń yan gíà kí ó tó wọ kọ́nà, òun ló ń pinnu ìgbà tí ẹ́ńjìnnì yóò bú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì àti ọwọ́ rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ nínú ọkọ̀ tó ní tọ́bò, nǹkan kan wà tí àwọn olólùfẹ́ mánúà kì í kà mọ́ ọn. Nígbàkígbà tí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì láti pààrọ̀ gíà, ẹ óò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ìyẹn ibi tí à ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, atẹ́gùn tọ́bò yóò sì lọ sílẹ̀. Tọ́bò kékeré tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ tètè ń gbà padà, ṣùgbọ́n tọ́bò ńlá tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kì í yára bẹ́ẹ̀. Ọtomátíìkì kì í ti tọ́tù pa bẹ́ẹ̀ bó bá ń pààrọ̀ gíà, tọ́bò yóò máa yí lọ ni. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ méjì tí agbára wọn dọ́gba fi lè jọ gbéra ní ojú ọ̀nà tó tọ́, tí ọtomátíìkì yóò sì kọ́kọ́ dé.

Ọ̀ràn gbígbéra tún wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ tí táyà méjì péré ń fà bá gbéra tagbáratagbára, táyà yóò yọ̀, ìyọ̀ náà yóò sì gbé díẹ̀ nínú agbára ọ̀hún lọ. Táyà fóò-wíìlì kì í tètè yọ̀, nítorí náà gbogbo ìjà náà yóò dé orí kílọ́ọ̀ṣì àti eyín gíà. Mánúà onígíà márùn-ún inú Subaru WRX àtijọ́ lókìkí fún eyín tó máa ń ká bí wọ́n bá fi agbára kún ẹ́ńjìnnì tí awakọ̀ sì ń já kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lójijì. Onígíà mẹ́fà inú STI, ẹ̀yà WRX tó lágbára jù, le jù ú lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n lẹ lẹ́tà STI mọ́ nídìí ni STI. Nínú ọtomátíìkì tó ní kọnfátà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé gíà dípò kílọ́ọ̀ṣì, ọ́ìlì ló wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, ọ́ìlì náà ló sì ń gba ìjàǹbá yẹn sára.

Kílọ́ọ̀ṣì líle tí wọ́n máa ń fi sí ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ ti pọ̀ sí i tún wúwo lẹ́sẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá ń ti Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ṣágámù lọ sẹ́nu iṣẹ́ l'Ékòó, tí ó ń pàdé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kí orúnkún òsì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀.

WRX ọtomátíìkì onígíà mẹ́rin

Nígbà tí WRX wọ Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 2002, ẹ́ńjìnnì lítà 2.0 rẹ̀ ní agbára ẹṣin 227, ẹni tó ń rà á sì lè mú mánúà onígíà márùn-ún tàbí ọtomátíìkì onígíà mẹ́rin. Ohun tí àwọn tó ń tà á fún wa kì í sábà mọ̀ ni pé fóò-wíìlì méjèèjì kò rí bákan náà. Ìdajì ìdajì ni mánúà ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn. Ọtomátíìkì ní ètò tí Subaru ń pè ní VTD, tó ń fi nǹkan bí 45 nínú ọgọ́rùn-ún ránṣẹ́ síwájú, tí ó sì ń fi 55 sẹ́yìn, tí kọ̀ǹpútà sì lè yí i padà bí ọ̀nà bá ń yọ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde láti inú kọ́nà, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ń bá yín ti ara rẹ̀. Ẹni tó bá pe ọkọ̀ yìí ní ìdajì ọkọ̀ eré nítorí gíà rẹ̀ kò tíì wà á dáadáa.

Àléébù rẹ̀ ni pé gíà mẹ́rin kò tó. Bó bá kúrò ní kejì bọ́ sí kẹta, ìyára ẹ́ńjìnnì yóò wálẹ̀ púpọ̀, bí tọ́bò tí wọ́n fi sí i bá sì tóbi, ẹ óò dúró dè é bí ẹni ń dúró de kí gààrí wú. Sàlẹ́ńsà tuntun àti bíréènì bọ́ọ̀sì tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ bá tún kọ kò ní pa á lára. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, ẹ wo gíà náà kí ẹ tó wo ẹ́ńjìnnì.

Mo sọ èyí nítorí ohun tí ojú mi rí. Mẹkáníìkì kan fi atẹ́gùn kún tọ́bò WRX ọtomátíìkì tí mo ní, inú mi dùn, mo sì ń sáré kiri. Kò sọ nǹkan kan nípa ọ́ìlì gíà, èmi náà kò béèrè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn tírélà dí ọ̀nà ní Ògèrè, a sì wà níbẹ̀ fún bíi wákàtí méjì, tí à ń sún lọ ní ìwọ̀n ọ̀pá kan lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ọ̀nà là, gíà kọ̀, kò wọ kẹta mọ́. Ọ́ìlì tí wọ́n tú jáde dúdú bí èédú, ó sì ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná nídìí ìkòkò. Kọnfátà máa ń mú ọ́ìlì gbóná nígbàkígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ju gíà lọ, agbára tí a sì fi kún ẹ́ńjìnnì ń fi kún ooru náà. Rédíétọ̀ kékeré kan tó wà fún ọ́ìlì gíà nìkan, tí wọ́n so mọ́ iwájú, ni ì bá ti gbà mí. Láti ìgbà náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń wá lábẹ́ bọ́ńpà ọtomátíìkì tí wọ́n ti fi kún agbára rẹ̀ nìyẹn, bí n kò bá sì rí i, mo máa ń yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí mo fẹ́ san.

CVT

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. WRX tó jáde láàárín 2015 sí 2021 ní ẹ́ńjìnnì lítà 2.0 tuntun tí agbára ẹṣin rẹ̀ jẹ́ 268, mánúà rẹ̀ sì jẹ́ onígíà mẹ́fà, ṣùgbọ́n CVT ni ọtomátíìkì rẹ̀. Èyí kò ní gíà kankan nínú. Ṣéènì irin ló ń sáré láàárín kẹ̀kẹ́ méjì tó ń fẹ̀ tó sì ń há, kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣe é bí ẹni pé gíà ń pààrọ̀. Bí a kò bá fọwọ́ kàn án, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì burú fún ìrìn ìlú. Àmọ́ ìfúnpá ọ́ìlì nìkan ló di ṣéènì yẹn mú. Bí agbára bá pọ̀ jù, yóò yọ̀, ìyọ̀ náà yóò sì ha ojú kẹ̀kẹ́ náà, kò sì sí mẹkáníìkì àdúgbò tí yóò fi fáìlì ha á padà. WRX tí wọ́n ṣe fún ọdún 2022, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.4, ń jẹ́ orúkọ tó dùn létí jù ú lọ, Subaru Performance Transmission, ṣùgbọ́n CVT náà ni. Èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn ni kí ẹ rà, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀.

Oníkílọ́ọ̀ṣì méjì

Ibí ni ìgbádùn ti pọ̀ jù lọ, ibẹ̀ náà ni owó ti ń jáde jù lọ. Inú gíà yìí ni kílọ́ọ̀ṣì méjì wà: ọ̀kan ni ó ni gíà kìíní, ẹ̀kẹta àti ìkarùn-ún, èkejì ni ó ni ìyókù. Bí ẹ ti ń sáré lórí kẹta, kẹrin ti wọlé tó ń dúró, ọkọ̀ kàn ń gbé iṣẹ́ láti ọwọ́ kan sí èkejì ni. Mitsubishi Lancer Evolution X tó ń jẹ́ MR ní irú rẹ̀, onígíà mẹ́fà, tí wọ́n ń pè ní SST, nígbà tí GSR jẹ́ mánúà onígíà márùn-ún. Mo ti wa méjèèjì. Lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́, MR ni mo gbádùn jù, nítorí ọwọ́ mi kò kúrò lórí sítíárìn, tọ́bò kò sì sinmi. Nissan GT-R tó jáde ní 2007 kò tilẹ̀ ní mánúà rárá títí wọ́n fi dẹ́kun ṣíṣe é ní 2025. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni gíà rẹ̀ wà, agbára ẹṣin 480 ni ẹ́ńjìnnì lítà 3.8 rẹ̀ sì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọtomátíìkì kò lè dùn, kí ó jókòó sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má wulẹ̀ dààmú lórí Skyline GT-R àtijọ́, tó jẹ́ mánúà: ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, ìjọba wa kò sì gba irú rẹ̀ láàyè.

Golf R ti Volkswagen náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí, òun ló sì rọrùn láti rí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe máa ń tún bíréènì bọ́ọ̀sì ẹ́ńjìnnì kọ, wọ́n á sì fi ti gíà sílẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì á wá máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ń wà á mọ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n kọ méjèèjì. Ẹ tún béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà gbẹ̀yìn, nítorí nǹkan bí 60,000 kìlómítà ni Volkswagen fi sí i fún onígíà mẹ́fà. Bí ẹni tó ń tà á bá fèsì pé gíà tirẹ̀ kì í mu ọ́ìlì, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ọ̀tá gbogbo wọn. Kò sí kọnfátà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń rá pálá lẹ́yìn tírélà, kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀ tó sì ń gbóná, SST Mitsubishi sì máa ń kọ ìkìlọ̀ ooru síwájú awakọ̀. Ẹ jẹ́ kí àyè ṣí níwájú kí ẹ tó gbéra, bí àwọn tó wà lẹ́yìn tilẹ̀ ń fọn fèrè. Ẹni tó ń gba ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lójoojúmọ́ kò nílò irú gíà yìí. Ti ọjọ́ Ọjúde Ọba ni, àti ti òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ọ̀nà dá.

Onígíà mẹ́jọ láti ọwọ́ ZF

Èyí tí èmi yóò fi owó mi rà lónìí nìyí. Ilé iṣẹ́ ZF ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gíà yìí sí BMW ńlá ní 2009, ó sì wà nínú BMW 340i xDrive tó ń lo fóò-wíìlì. Ó ní kọnfátà, ṣùgbọ́n kọnfátà náà máa ń tì pa kété tí ọkọ̀ bá ti gbéra, ẹ́ńjìnnì àti gíà yóò sì so pọ̀ ṣinṣin bí ti mánúà. Gíà mẹ́jọ wà nítòsí ara wọn, tọ́bò kì í sùn, bó bá sì di súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọ́ìlì ni ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe kílọ́ọ̀ṣì. Agbára ẹṣin 320 tí ẹ́ńjìnnì lítà 3.0 inú 340i ń mú wá láti ilé iṣẹ́ kò tíì dẹ́rù bà á, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn tó ń fi kún agbára ẹ́ńjìnnì náà kì í sábà ṣí gíà rẹ̀ rárá.

Ohun tí ẹ óò pàdánù ni ìró àti ìgbọ̀nrìrì WRX, èyí tí àwọn kan ń torí rẹ̀ ra ọkọ̀. BMW balẹ̀ jù fún wọn. Ẹni tó sì mọ̀ ọ́n tún ṣe kò pọ̀ ní agbègbè wa, mẹkáníìkì tí kò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ má ṣe gba ẹni tó bá ní ọ́ìlì rẹ̀ kò ní pààrọ̀ láéláé gbọ́: ZF fúnra wọn sọ pé kí a pààrọ̀ rẹ̀ láàárín 80,000 sí 120,000 kìlómítà. Àsẹ́ ọ́ìlì wà nínú àwo oníke tó wà nísàlẹ̀, àwo náà lódindi ni ẹ óò rà.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí táyà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n sì jẹ dọ́gba. Subaru fẹ́ kí ìyàtọ̀ yíká wọn má ju nǹkan bí mìlímítà mẹ́fà lọ. Àṣà wa láti ra táyà tòkunbọ̀ méjì fún iwájú, kí a sì fi ẹ̀yìn sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀, ti ba fóò-wíìlì púpọ̀ jẹ́, ọtomátíìkì àti mánúà. Ẹ wá ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ yí sítíárìn dé òpin, kí ẹ sì rìn díẹ̀díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń ta kìjí bí ẹni tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, ẹ̀rọ tó ń pín agbára ti há.

Bíréènì bọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ fún bẹntiróòlù olówó gọbọi ti Amẹ́ríkà yóò mú kí ẹ́ńjìnnì máa kanlẹ̀, ìyẹn kí epo máa jó nínú rẹ̀ kí àsìkò tó tó, pẹ̀lú èyí tí à ń rà ní ilé epo wa, nítorí náà ẹ fi owó àtúnkọ mọ́ ìṣirò yín.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wà á. Yíyí ká inú àdúgbò ẹni tó ń tà á kò tó, nítorí gíà tó ti ń kú máa ń dákẹ́ nígbà tó bá tutù. Ẹ gbé e láti Ṣágámù dé Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ wọ àárín ìlú lásìkò tí ọjà kún, kí gbogbo rẹ̀ gbóná dáadáa. Ẹ wá tẹ bíréèkì, ẹ fà á sí D, kí ẹ fà á sí R, kí ẹ sì ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó kọjá kí ọkọ̀ tó dáhùn. Bó bá ju méjì lọ, tàbí tí ó ta yín nídìí bó ti ń wọlé, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà fún un.