Contextvars inú Python: mo ti lò ó fún oṣù mẹ́ta

Èmi ni mo fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ ìkànnì tí àwọn oníbàárà fi ń ra èlùbọ́ àti ẹ̀wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ní ọjà Bódìjà. Ní Sátidé kan, màmá kan pè mí láti Mọ́kọ́lá: "Ọmọ mi, kóńgò ẹ̀wà mẹ́ta ni mo rà. Kí ló dé tí orúkọ ẹlòmíì wà lórí rìsíìtì mi?" Àyà mi já.

Inú threading.local, ibi ìpamọ́ tí thread (okùn iṣẹ́ inú ètò) kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ni mo ń tọ́jú orúkọ oníbàárà sí. Ṣùgbọ́n asyncio, irinṣẹ́ Python tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ kan wọlé nígbà tí òmíràn ń dúró, ni mo fi kọ ìkànnì náà, thread kan ṣoṣo ló sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Bí iṣẹ́ màmá bá ń dúró de dátábéèsì, ti ẹlòmíì á wọlé, á kọ orúkọ tirẹ̀ lé e lórí. Nígbà tí ti màmá bá fi máa padà, orúkọ àjèjì ló máa bá.

Contextvars, ibi ìpamọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ wà lórí thread kan náà, ló gbà mí. Láti Python 3.7, ní 2018, ló ti wà níbẹ̀, ẹ ò ní fi nǹkan kan kún un. Task (iṣẹ́ kan nínú asyncio) kọ̀ọ̀kan ló ń ní àwòkọ tirẹ̀. Ẹ fi set() kọ orúkọ, ẹ tọ́jú token (àmì ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀) tó bá fún yín, kí ẹ fi òun àti reset() dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Mo rán request (ìbéèrè) 200 sí ìkànnì náà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ò wọnú èkejì.

Ibi tó ti dùn mí ni run_in_executor, tó ń gbé iṣẹ́ lọ sórí thread mìíràn: kì í gbé orúkọ náà dání. Odindi òru kan ni mo fi wá a. asyncio.to_thread, tó dé pẹ̀lú 3.9, ni kí ẹ lò níbẹ̀.