Gáùnù, Búbù, àbí Ìró àti Bùbá? Aṣọ Ìyá Ìyàwó fún Àwa Tá A Sanra

Ọmọbìnrin mẹ́ta ni mo ti fà fọ́kọ, aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo sì wọ̀ níbi ìgbéyàwó kọ̀ọ̀kan. Gáùnù ni mo wọ̀ lọ́jọ́ ti àkọ́bí, búbù lọ́jọ́ ti èkejì, ìró àti bùbá lọ́jọ́ ti àbíkẹ́yìn. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìdí mi jẹ́ ínṣì 54, àyà mi jẹ́ 48, ikùn sì ń bẹ níbẹ̀ tí kò gba ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ náwó sórí aṣọ ìyá ìyàwó tàbí ìyá ọkọ, ẹ jẹ́ kí n gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú yín.

Dígí ló máa ń tan wá. A ó dúró ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́lọ̀, a ó fa ikùn sínú, a ó yí sọ́tùn-ún, a ó yí sósì, inú wa á dùn. Ta ló wá ń dúró lójú kan níbi ìyàwó? Ìyá ìyàwó á jó wọlé, á jókòó fún wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún, á nà síwájú láti gbọ́wọ́ lé ọmọ lórí fún àdúrà, á jẹun, á lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, á tún jáde wá jó. Àga ni èmi fi ń dán aṣọ wò báyìí. Bí tẹ́lọ̀ bá ní kí n wá gbìyànjú aṣọ, mo máa ń ní kó gbé àga wá.

Gáùnù

Ọmọ mi ló ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ ìró àti bùbá bíi ti ìyá àgbà." Mo gbà fún un. Lẹ́ẹ̀sì kọ́ọ̀dù aláwọ̀ wáìnì ni, kọ́sẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀, ó fún mọ́ itan, ó wá tú ká lẹ́sẹ̀ bí ìrù ẹja. Ká má purọ́, kò sí aṣọ tó ń tún ara ṣe tó o. Ó gbé àyà sókè, ó fún mi ní ìbàdí tí mo ti gbàgbé pé mo ní. Àwòrán àárọ̀ ọjọ́ yẹn ṣì wà lára ògiri pálọ̀ mi.

Àárọ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fọwọ́ kan ọkọ ìyàwó lẹ́yìn, mo kàn gbọ́ "fàààà". Síípù ti ya láti àárín ẹ̀yìn títí dé ìdí. Àbúrò mi bọ́ ìborùn èjìká rẹ̀, ó dì í mọ́ mi bí ẹni fẹ́ pọnmọ, orí àga ni mo sì wà di ìrọ̀lẹ́. Mi ò jó níbi ìyàwó àkọ́bí mi. Tẹ́lọ̀ ní mo sanra sí i ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ oṣù kan ààbọ̀ ṣáájú ló ti wọ̀n mí, kọ́mú tó ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ ni mo sì wọ̀ lọ́jọ́ tó wọ̀n mí. Kọ́mú tẹ́ ẹ máa wọ̀ lọ́jọ́ ìyàwó ni kẹ́ ẹ wọ̀ lọ wọn ara, nítorí ibi tí àyà bá dúró sí ni gbogbo ìyókù aṣọ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ gáùnù lọkàn yín fẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi okùn dè é lẹ́yìn dípò síípù, kí wọ́n rán aṣọ díẹ̀ sábẹ́ okùn náà kí ara má hàn. Okùn ṣeé tú díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Síípù kì í dùn-ún bẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ láti abẹ́ ọyàn, kó má fún mọ́ itan rárá. Ẹ fi lẹ́ẹ̀sì kọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún àwọn ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó nípọn fúnra rẹ̀. Bí láínìn àti kọ́sẹ́ẹ̀tì bá tún wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ ti fi ara kún ara nìyẹn, ooru á sì mú yín. Owó ìránṣọ gáùnù ló tún ga jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Búbù

Lẹ́yìn ohun tójú mi rí, mo sáré lọ sọ́dọ̀ búbù. Àdìrẹ tí wọ́n ṣe sórí sílíìkì ni mo rà. Tó bá jẹ́ ti ìtura, kò lẹ́gbẹ́: atẹ́gùn ń wọlé, ẹ lè jẹun yó, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò di ogun. Kò sì ní ṣòroó rán, ohun tí ọ̀pọ̀ tẹ́lọ̀ rò nìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á gé iwájú àti ẹ̀yìn lóòró kan náà. Lórí háńgà, ó gún régé. Lọ́rùn wa, àyà àti ikùn á gbé iwájú sókè, ojúgun á yọ síta, ẹ̀yìn á máa wọ́ nílẹ̀. Mo tẹ ẹ̀yìn tèmi mọ́lẹ̀ lórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn, ọpẹ́lọpẹ́ ọmọkùnrin kan tó gbá mi lápá mú.

Ẹ ní kí tẹ́lọ̀ wọ̀n yín láti èjìká, kó gba orí ọyàn kọjá sílẹ̀, kó tún wọn ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Ìyàtọ̀ tèmi jẹ́ ínṣì mẹ́ta. Kí ojú rírán èjìká náà dúró lórí èjìká gan-an; tó bá ti ṣubú sápá, ẹ ti di àgọ́ nìyẹn.

Ẹjọ́ kan tí mo tún ní pẹ̀lú búbù kò kan rírán. Alága ìdúró kó àwọn ẹbí ọkọ wọlé, ó kọjá lára mi, àbúrò mi tó wọ aṣọ òkè ló lọ kúnlẹ̀ fún. Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Èmi tí mo bímọ wá ń na ìka sí ara mi. Níbi ìdáná, búbù máa ń jọ aṣọ àlejò. Mo fi tọkàntọkàn yàn án fún ìdúpẹ́ ọjọ́ Àìkú, tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ sí i nírọ̀lẹ́ nígbà tí àga bá ti ń sú yín.

Ìró àti bùbá

Ibi tí mo padà sí nìyí, bẹ́ẹ̀ aṣọ ìyá àgbà náà ni. Ìró nìkan ni aṣọ tẹ́ ẹ lè dín tàbí kún fúnra yín láìpe tẹ́lọ̀. Ẹ jẹun yó, ẹ tú u, ẹ tún un ró. Apá bùbá tó fẹ̀ kì í há mọ́ apá wa tó tóbi. Bí ọrùn rẹ̀ bá sì ṣí díẹ̀, ibi tí iyùn máa jókòó sí ti wà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ wà nínú ìwọ̀n. Yáàdì kan jẹ́ ínṣì 36. Ìró yáàdì méjì tí wọ́n máa ń gé fún gbogbo ènìyàn jẹ́ 72. Ẹ yọ ìdí mi 54 kúrò níbẹ̀, 18 péré ló kù láti fi bo iwájú. Bí mo bá gbẹ́sẹ̀ jó, itan á yọjú. Yáàdì méjì ààbọ̀ á fún mi ní 90, ìyẹn ni pé 36 ló máa bò mọ́ra, mo lè jó títí. Páàkì lẹ́ẹ̀sì tó jẹ́ yáàdì márùn-ún á tó bí wọ́n bá pín in sí méjì ọgbọọgba, ìdajì fún ìró, ìdajì fún bùbá. Ẹni tí ìdí rẹ̀ bá ju 60 lọ kó wá yáàdì mẹ́fà. Bí oníṣọ́ọ̀bù kò bá ń gé e, ẹ ṣe bí èmi àti àbúrò mi: a jọ ra páàkì mẹ́ta, a pín ẹ̀kẹta sí méjì.

Ẹ má jẹ́ kí bùbá parí sí ibi tí ikùn ti tóbi jù. Kó sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibẹ̀ díẹ̀. Ẹ so ọ̀já òwú mọ́ ìbàdí kẹ́ ẹ tó ró ìró lẹ́ẹ̀sì, kò ní yọ̀. Ìpèlé tí wọ́n ń dì mọ́ ìdí rẹwà lára ẹni tó tín-ín-rín. Èjìká ni kẹ́ ẹ gbé tiyín sí.

Ní ti aṣọ tẹ́ ẹ máa rán, lẹ́ẹ̀sì Swiss voile ni mo fara mọ́ jù: òwú ni, ó fúyẹ́, ó ń fẹ́ lára. Láti bí ọdún 1960 síwájú ni àwọn ará Austria, pàápàá ìlú Lustenau, ti ń ṣe lẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí wa, àwọn ìyá wa sì mọ èyí tó dáa lójú. Aṣọ òkè láti òkè délẹ̀ ló ń sọ pé ìyá ìyàwó dé, àmọ́ ó wúwo, ó sì ń mú ooru. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí òwú dídán pọ̀ nínú rẹ̀: ó gan, ó ń yún ara, kì í wó mọ́ra, gbogbo ibi tí ara bá sì ti yọ ló ń tan iná sí. Sányán, tí wọ́n ń pè ní baba aṣọ, tàbí ẹtù aláwọ̀ aró, máa ń rọ̀ lára bó bá ti pẹ́. Bẹ́ ẹ bá lè dé Ìsẹ́yìn tàbí ọjà Òjé n'Ìbàdàn, ẹ fọwọ́ pa á kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má ra aṣọ òkè látinú àwòrán fóònù.

Ohun tí mo wọ̀ fún àbíkẹ́yìn ni ìró àti bùbá Swiss voile, pẹ̀lú gèlè àti ìborùn sányán. Gèlè kékeré máa ń jẹ́ kí ara wa tóbi sí i, nítorí náà mo ní kí wọ́n wé e ga. Kó má fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣá o, pàápàá bí ọrùn yín bá kúrú.

Ẹni tí ìgbéyàwó ọmọ tirẹ̀ bá jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́ẹ̀sì ni kó dì sẹ́rù, nítorí aṣọ òkè odindi á jẹ kílò ẹrù ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ tán. Bó bá gbàgbé gèlè, wọ́n ń tà á ládùúgbò Peckham níbẹ̀.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ ní kí tẹ́lọ̀ fi ínṣì kan ààbọ̀ pamọ́ sínú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kẹ́ ẹ sì lọ wọ̀ ọ́ wò ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ náà. Wọ́n ti tú ti bùbá mi lẹ́ẹ̀kan, ínṣì kan ṣì kù.