Inkscape, CorelDRAW tàbí Illustrator: èwo lẹ máa rà fún àwòrán tẹ́ ẹ fi bírò yà?

Inkscape, CorelDRAW àti Illustrator, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ní Ṣómólú ni pé: "Èwo ni kí n rà, tí mo bá fẹ́ sọ àwòrán tí mo fọwọ́ yà di vector, ìyẹn àwòrán tí kọ̀ǹpútà fi ìlà ṣe?" Kí n tó dáhùn, èmi náà máa ń béèrè ohun kan: ẹ̀rọ wo lẹ fẹ́ gbé fáìlì náà fún?

Ojú mi ló ti rí i. Mo fi bírò dúdú ya ẹyẹ kan bíi ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ, mo sìkáànì ẹ̀, mo sọ ọ́ di vector, mo sì gbé e lọ fún oníléésà. Lójú kọ̀ǹpútà, ó gún régé. Àfìgbà tí léésà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí pákó: ìlà kọ̀ọ̀kan di méjì! Níbi ìyẹ́ ẹyẹ náà, pákó tín-ín-rín tó kù láàárín ìlà méjèèjì jó, ó ń já bọ́ bí eérú. Pákó mẹ́ta ló bàjẹ́ kó tó yé mi. Kọ̀ǹpútà ò ka ìlà bírò sí ìlà. Nǹkan dúdú tó ní ìbú ló kà á sí, ó sì fa ìlà yí etí ẹ̀ ká. Fún sítíkà àti ìwé títẹ̀, kò sí wàhálà, àwọ̀ ló máa kún inú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí léésà bá máa fà á, ìlà kan ṣoṣo tó gba àárín kọjá lẹ nílò.

Inkscape kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, láti ọdún 2003 tó ti jáde. Trace Bitmap inú ẹ̀, irinṣẹ́ tó ń sọ àwòrán di vector, ń fi ètò Potrace, iṣẹ́ ọwọ́ Peter Selinger, yí etí ká. Láti ẹ̀dà 1.0 tó jáde ní 2020, ó tún ní Centerline tracing, tó ń fa ìlà kan gba àárín. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àmọ́ níbi tí ìlà méjì bá ti pàdé, ó máa ń wọ́. Ọwọ́ lẹ máa fi tún un ṣe. Ó lè ṣí fáìlì CDR, irú fáìlì tí CorelDRAW ń lò, àmọ́ kò lè fi iṣẹ́ pamọ́ ní CDR.

Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí CorelDRAW ni ọ̀pọ̀ atẹ̀wé Ṣómólú ń lò. PowerTRACE, irinṣẹ́ tiẹ̀, ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀: Outline Trace tó ń yí etí ká àti Centerline Trace tó ń gba àárín. Lábẹ́ èkejì lẹ ó ti rí Line Drawing, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ dán wò. Owó ẹ̀ ga, ṣùgbọ́n ẹ lè san án lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ máa lò ó lọ. Fún ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ń wá lóṣù yìí tí kò wá lóṣù tó ń bọ̀, ìtura ńlá nìyẹn.

Illustrator ò rí bẹ́ẹ̀: lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dáwọ́ owó dúró, ó ti nìyẹn. Síbẹ̀, Image Trace, irinṣẹ́ tiẹ̀, ló ń fa etí tó dán jù lójú tèmi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìlà àárín, ẹ mú Strokes (ìlà) lábẹ́ Advanced, kẹ́ ẹ yọ Fills (àwọ̀ inú). Ẹ má gbàgbé láti tẹ bọ́tìnì Expand. Láìtẹ̀ ẹ́, ẹ ò ní lè tún ìlà kankan ṣe.

Kò sí èyí tó lè gba sìkáànì burúkú là nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ sìkáànì ní 600 dpi, kẹ́ ẹ fi pamọ́ ní PNG tàbí TIFF. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo fọ́tò tí wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́: JPEG tí wọ́n ti fún pọ̀ máa ń ní ìdọ̀tí wínníwínní létí ìlà, kọ̀ǹpútà á sì bá yín ya ìdọ̀tí náà.

Tó bá jẹ́ owó tèmi ni, màá fi Inkscape bẹ̀rẹ̀, màá fi owó tó kù ra sìkánà gidi, màá sì ra CorelDRAW lọ́jọ́ tí atẹ̀wé bá ní òun ò gba nǹkan míì ju CDR lọ. Èyí tó wù kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ tó sanwó pákó, ẹ wo fáìlì náà ní ìrísí Outline tó ń fi ìlà nìkan hàn, tàbí Wireframe tó bá jẹ́ CorelDRAW. Àwọ̀ á ṣí kúrò, ẹ ó sì rí i kedere bóyá ìlà kan ló wà níbẹ̀ tàbí méjì.