Ẹ̀rọ òòfà fún ọmọ tí ìbẹ̀rù kò kúrò lára rẹ̀: ṣé ó tó owó rẹ̀?

Ìdáhùn wa kò gùn. Ẹ̀rọ TMS, tó ń fi òòfà ta iná kékeré sínú ọpọlọ láti ìta orí, kì í ṣe ayédèrú, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń fi í tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àwọn àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún 15 bá ń pariwo jí lóru nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, ìdí ẹ̀rọ yìí kọ́ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, máàkì 2 nínú 5 ni a fún un. Fún àgbàlagbà tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá fínra, tí oògùn kò sì ràn, a fún un ní 4.

Ẹ kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀gbà ọwọ́ onímágínẹ́ẹ̀tì, bẹ́líìtì àti ìtẹ́lẹ̀ bàtà tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀. Òòfà tó dúró sójú kan kò lè ta iná kankan sínú ọpọlọ. Ti TMS yàtọ̀. Wáyà kọ́pà tí wọ́n ká bí òǹkà 8, tí wọ́n fi ike bò, ni kọ́ìlì tí wọ́n ń gbé lé orí. Ẹ̀rọ á kó iná jọ, á sì tú u sínú wáyà náà lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín àkókò tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Agbára òòfà á ga dé nǹkan bíi tesla 1.5 sí 2, á sì wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Gígòkè-sọ̀kalẹ̀ yẹn ló ń bí iná kékeré sínú ọpọlọ, kò sì ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ sísàlẹ̀. Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e jáde lọ́dún 1985.

Ìjókòó àkọ́kọ́ ló máa ń pẹ́ jù, ibẹ̀ la sì ti ń mọ ẹni tó mọṣẹ́. Wọ́n á gbé kọ́ìlì sí ẹ̀gbẹ́ orí, wọ́n á máa fi agbára kún un díẹ̀díẹ̀ títí àtàǹpàkò ọwọ́ òdìkejì á fi ta fìrì. Agbára tó kéré jù lọ tó lè mú àtàǹpàkò náà ta nígbà 5 nínú 10 ni òdiwọ̀n ọmọ yẹn. Òdiwọ̀n ọ̀dọ́ sábà máa ń ga ju ti àgbà lọ. Ilé ìtọ́jú tó bá ń lo nọ́ńbà kan náà fún gbogbo ẹni tó wọlé, àfojúbù ló ń ṣe. Ẹ dìde níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á sún kọ́ìlì síwájú orí. Fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, apá òsì ni: yóò gbá nígbà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 4, yóò sinmi fún 26, títí yóò fi pé 3,000. Ìṣẹ́jú 37 àti ààbọ̀ nìyẹn. Fún PTSD, ìyẹn ìbẹ̀rù tí kì í lọ lẹ́yìn ohun burúkú tí ojú ènìyàn rí, apá ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ olùwádìí lò. Àwọn kan ń gbá a kíákíá, àwọn kan ń gbá a lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá. Kí olùtọ́jú sọ èyí tó fẹ́ lò àti ìdí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀ ni, fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ẹni Ìjẹ̀bú mọ owó í ṣírò: ẹ ṣírò owó ọkọ̀ ẹni méjì, àlọ àtàbọ̀, nígbà 30, kí ẹ tó wo iye tí ilé ìtọ́jú kọ sórí ìwé. Bó bá bọ́ sí àsìkò WAEC, ẹ sún un síwájú.

Ohun kan wà tí ìwé ìpolówó àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ kì í sábà sọ: irun. Agbára òòfà ń dín kíákíá bí kọ́ìlì bá ṣe ń jìnnà sí awọ orí. Wíìgì àti àtáṣímẹ́ǹtì tó nípọn ń ti kọ́ìlì sókè, ṣùkú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dirun ọmọ ní kòlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ, láìfi nǹkan kún un. Bó bá tú irun náà láàárín ìtọ́jú, tó di òmíràn tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òdiwọ̀n àtàǹpàkò ti yí padà nìyẹn. Kí wọ́n tún un wò. Píìnì irun, yẹtí àti ìgò ojú kò gbọdọ̀ wà lórí.

Ní ti ewu, gìrì ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n: kò tó ẹnì kan nínú 1,000. Ohun tó ń mú un súnmọ́ ni kí ẹ máa ṣọ́. Ọmọ tí kò sùn nítorí vigil kò gbọdọ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Tramadol ń mú kí gìrì tètè dé, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ń lò ó ní kọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà dá bi ọmọ náà, kí òbí bọ́ síta. Bó bá ṣe gìrì rí nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹ má fi pamọ́. Dídákú wọ́pọ̀ ju gìrì lọ, ẹni tó ń gbààwẹ̀ tàbí tí kò mu omi tó ló sì máa ń ṣe jù. Lẹ́yìn èyí, orí fífọ́ àti awọ orí tó ń ta ni, parasitamọ́ọ̀lù sì ń ká a. Ọmọ tí wọ́n yìnbọn fún, tí ọta tàbí àfọ́kù irin ṣì wà nínú orí tàbí ọrùn rẹ̀, kò gbọdọ̀ sún mọ́ kọ́ìlì rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sínú egungun etí rẹ̀.

Ariwo ẹ̀rọ náà kì í ṣe kékeré, tá-tá-tá bíi kí ènìyàn máa fi òòlù kan ike. Ọmọ tí ìbọn Ojúde Ọba ti ń mú ta gìrì tẹ́lẹ̀ lè fò dìde lórí àga. Olùtọ́jú tó gbọ́n á kọ́kọ́ gbé kọ́ìlì lé apá ọmọ náà kó lè mọ bó ṣe rí, á sì fún un ní ohun tí yóò fi dí etí. Kí òun náà fi tirẹ̀ sí i.

Kọ́ìlì máa ń gbóná. Nínú yàrá tí kò ní éésì, ẹ̀rọ lè dá ara rẹ̀ dúró kí 3,000 tó pé. Bí NEPA bá sì mú iná lọ lágbedeméjì, kí wọ́n lè sọ iye tó ti gbá. Ẹ béèrè bóyá íńfátà wọn lè gbé e.

Ní ti ẹ̀rí, FDA, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i lọ́dún 2008 fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àgbàlagbà, àti ní 2024 fún ti àwọn ọmọ ọdún 15 sí 21, gẹ́gẹ́ bí àfikún ìtọ́jú. Kò fọwọ́ sí i fún PTSD, ì báà jẹ́ ọmọdé tàbí àgbà. Ìwádìí kan tó jáde ní 2021 lórí ọ̀dọ́ 103 tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fi ẹ̀rọ gidi wé èyí tó kàn ń pariwo lásán: ìdá 41.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbádùn lọ́dọ̀ ti gidi, 36.4 lọ́dọ̀ ti ẹ̀tàn. Lọ́dún yẹn kan náà, ìwádìí mìíràn lórí àwọn àgbàlagbà tó ní PTSD, tí wọ́n lo oríṣi kọ́ìlì tó ń wọlé jìn, rí i pé àwọn tó wà nídìí ti ẹ̀tàn ló gbádùn jù. Ìyẹn ló fà á tí máàkì wa fi kéré.

Ohun tó yẹ kó ṣáájú kò nílò iná mànàmáná. Bí àlá burúkú, ìfòyà àti sísá fún ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ bá ti kọjá oṣù kan, ẹ gbé ọmọ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní OOUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, ní Ṣágámù tàbí ti Babcock ní Ìlíṣàn, kí ẹ béèrè fún TF-CBT, ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tó máa ń gba ìjókòó 12 sí 16, tí òbí náà ń kópa nínú rẹ̀. Bí ó bá parí, tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣì wà nílẹ̀, tí ọmọ ti pé 15, tí òun fúnra rẹ̀ sì gbà, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ TMS tó wọlé. Kí wọ́n fi CPSS-5, ìwé ìbéèrè tó ń wọn bí PTSD ṣe le tó lára ọmọ, gba máàkì rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún un gbà ní ìjókòó 10 àti 20. Bí máàkì ìjókòó 20 kò bá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó san ìyókù owó.